Ìrora Oríkèé: Kí Ni Oògùn Ń Gbà Lọ́wọ́ Wa?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀
Ibi kíkà: 2 Ọba 20:1–7

  Ní ìpàdé wa ní Ìníṣà níhìn-ín, bí aṣíwájú bá ní kí á kúnlẹ̀ fún àdúrà, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń di àga iwájú mú kí orúnkún tó kan ilẹ̀. Bí a bá sì ṣe Àmín tán, "yéè" ni à ń gbọ́ lọ́tùn-ún àti lósì kí á tó dìde. Àwọn mìíràn ti bẹ Ọlọ́run pé orí ìjókòó ni àwọn yóò ti máa gbàdúrà. Èyí tilẹ̀ sàn. Ọmọ Yorùbá tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́, ojú a máa tì í, bí ìyá ọkọ náà tilẹ̀ ní kí ó má ṣe ìyọnu.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Kì í ṣe orúnkún ló fẹ́ẹ́ pa á, oògùn orúnkún ni. Ó ti yọ̀ǹda fún wa láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń lo oògùn sí, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti ń dùn ún láti bí ọdún mẹ́jọ. Ẹnì kan tó ń kiri oògùn lọ́jọ́ ọjà di oògùn oníhóró oríṣi mẹ́rin pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré fún un, ó ní kí ó máa lo ìdì kan láàárọ̀, ìdì kan lálẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìrora lọ. Gbogbo wa la rí bí ó ti jó lọ́jọ́ Ìkórè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, a ní ara rẹ̀ ti dá, a sì dúpẹ́ fún un. Àwọn kan tilẹ̀ bi í léèrè ibi tí ó ti ra oògùn náà, méjì nínú àwa tí à ń kọ ẹ̀kọ́ yìí sì wà lára wọn.

Nígbà tí ó di oṣù kẹrin, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, òòyì ń kọ́ ọ, ó rò pé ibà ni. Ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ rẹ̀ tó tètè gbé e dé ilé-ìwòsàn. Àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí i lára. Ọgbẹ́ méjì ló wà nínú ikùn rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rá oògùn náà wò, wọ́n bá diclofenac àti piroxicam níbẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀kẹta jẹ́ dexamethasone, òun ló mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún tí a ń pè ní ara dídá. Ẹ̀kẹrin nìkan, paracetamol, ni ìyá náà mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nítorí èyí ni a ṣe mú ẹ̀kọ́ yìí wá. A kò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa fara da ìrora. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí á wò ó dáadáa: kí ni oògùn kọ̀ọ̀kan ń fún wa, kí ló sì ń gbà lọ́wọ́ wa?

Nínú ibi kíkà wa, Hesekáyà gbàdúrà, ó sì sọkún, Ọlọ́run sì dá a lóhùn. Síbẹ̀ Aísáyà tún ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo náà. Àdúrà àti oògùn jọ wà nínú yàrá kan náà. Àwọn kan a máa fi Ásà ọba Júdà, ẹni tí ẹsẹ̀ ń ṣe nínú 2 Kíróníkà 16:12, dẹ́rù ba ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwa kò kà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn Ásà ni pé kò wá Olúwa rárá, kì í ṣe pé ó ní oníṣègùn.

KÍ LÓ Ń ṢE ORÍKÈÉ WA?

Ohun tí à ń pè ní aromọléegun tàbí làkúrègbé kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa tí a ti kọjá àádọ́ta ọdún ni èyí tó ń jẹ oríkèé díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo orí eegun itan adìyẹ nígbà mìíràn tí ẹ bá ń jẹun. Ohun funfun kan wà níbẹ̀ tó ń dán, tó ń yọ̀, tí eyín lè gé. Irú rẹ̀ ló bo orí eegun tiwa náà, òun ni kì í jẹ́ kí eegun máa ha eegun. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ẹrù sì ń gorí ẹrù, ó máa ń fín, ó máa ń di jákujàku, oríkèé á wú, á le, á sì máa dún bí a bá ń gun àtẹ̀gùn. Ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, ó sì ń mú ẹni tó sanra ju ẹni tí kò sanra.

Oríṣi kejì wà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun inú ara ẹni gan-an ló kọjú ìjà sí oríkèé. Oríkèé ìka ọwọ́ méjèèjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú, òwúrọ̀ ló sì máa ń le jù; ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọwọ́ tó nà. Ẹni tó bá rí èyí lára rẹ̀, kí ó má jókòó sílé máa fi ìpara ra á. Oògùn tirẹ̀ yàtọ̀, irú bíi methotrexate, dókítà nìkan ló sì yẹ kí ó fúnni. Bí a bá pẹ́ kí á tó bẹ̀rẹ̀, ìka á wọ́, kò sì ní padà bọ̀ sípò mọ́. Orúnkún kan ṣoṣo tó wú lójijì pẹ̀lú ibà, ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni, kì í ṣe lẹ́yìn ọjà.

Láti ibí lọ, oríṣi àkọ́kọ́ ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

ÌDÍLÉ KAN NI WỌ́N

Púpọ̀ nínú oògùn tó ń dín ìrora àti wíwú kù ló wá láti ìdílé kan ṣoṣo. Aspirin ni àgbà wọn. Ní 1897 ni Felix Hoffmann ṣe é ní ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé làkúrègbé ń yọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu, oògùn tí bàbá náà ń lò sì ń da inú rẹ̀ rú. Lọ́dọ̀ tiwa, láti 1918 ni Jacob Odulate ti ń ṣe Alabukun ní Abẹ́òkúta, aspirin àti caffeine ló sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé òun kì í lo oògùn òyìnbó, Alabukun nìkan ni òun ń lò, aspirin ni ó ń lò. Ibuprofen wá láti ọwọ́ Stewart Adams ní ilé-iṣẹ́ Boots ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1969 fún àwọn tí oríkèé ń dùn. Àwọn mìíràn ni indomethacin, naproxen, diclofenac tí àwọn kan mọ̀ sí Voltaren tàbí Cataflam, piroxicam tí àwọn kan mọ̀ sí Feldene, àti celecoxib tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Celebrex. Orúkọ yàtọ̀, àwọ̀ yàtọ̀, owó yàtọ̀, ṣùgbọ́n ilé kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Ẹni tó bá lo méjì pọ̀ kò gba ìtura ìlọ́po méjì. Ewu ló fi kún ewu.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́? Ní 1971, John Vane, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé rẹ̀, wọ́n sì fún un ní Ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1982. Ohun kan wà tí ara ń pèsè, tí wọ́n ń pè ní prostaglandin. Nínú orúnkún, òun ló ń mú ìrora àti wíwú wá, oògùn sì ń dí ara lọ́wọ́ kí ó má pèsè rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ohun kan náà yìí ló ń dáàbò bo awọ inú ikùn kí omi kíkan inú rẹ̀ má baà jẹ ẹ́, òun náà ló sì ń bá kíndìnrín ṣiṣẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè máa wọ inú rẹ̀ dáadáa. Oògùn kò mọ̀ pé orúnkún nìkan ni a rán òun sí. Ibi gbogbo tí ẹ̀jẹ̀ ń dé ni ó ń dé, ohun tó sì dí ní orúnkún, ó dí i ní ikùn pẹ̀lú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí, nítorí àwọn tó ń ta oògùn máa ń sọ fún wa pé bí a bá ti jẹun yó kí á tó lò ó, kò sí ewu mọ́. Oúnjẹ dára, ó ń dín inú ríro kù, ṣùgbọ́n kò lè dá ọgbẹ́ dúró, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn ń gbà ṣe ọṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ diclofenac pàápàá, tí kò gba ẹnu kọjá, fi lè dá ọgbẹ́ sí inú. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń mú ohun funfun orí eegun yẹn hù padà. Ìrora ni wọ́n ń pa lẹ́nu mọ́.

ÈWO LÓ SÀN NÍNÚ WỌN?

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń bi wá nìyí, ìdáhùn rẹ̀ kò sì rọrùn bí a ti fẹ́. Ní 2016, ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Lancet tẹ ìṣirò kan jáde tó kó ìwádìí 74 jọ, lórí àwọn ènìyàn 58,556 tí orúnkún tàbí ìbàdí ń dùn. Diclofenac, mílígíráàmù 150 lójúmọ́, ló ṣe dáadáa jù fún ìrora. Paracetamol nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí oògùn tí kò ní nǹkankan nínú.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí, tó dìde lọ ra diclofenac, kò tíì gbọ́ ìyókù. Ní 2013, ìwé ìròyìn yẹn kan náà ti tẹ òmíràn jáde. Nínú 1,000 ènìyàn tó bá lo diclofenac púpọ̀ tàbí àwọn oògùn irú celecoxib fún ọdún kan, ẹni mẹ́ta sí i ni àrùn ọkàn òjijì tàbí rọpárọsẹ̀ yóò kọlù ju bí ìbá ti rí lọ, ọ̀kan nínú mẹ́ta náà yóò sì kú. Naproxen kò fi èyí hàn, ṣùgbọ́n òun àti ibuprofen ń dá ọgbẹ́ sí inú ju celecoxib lọ bí a bá lò wọ́n púpọ̀. Piroxicam máa ń pẹ́ nínú ara fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn aláṣẹ oògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù sì sọ ní 2007 pé kò gbọdọ̀ jẹ́ oògùn tí a kọ́kọ́ ń fún ènìyàn, nítorí ikùn àti awọ ara. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tó ń jẹ́ Vioxx, tó jáde ní 1999 pẹ̀lú ìlérí pé kò ní dá ọgbẹ́ sí inú tó ti àwọn àgbà rẹ̀. Ní oṣù September 2004, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, Merck, kó o kúrò lọ́jà káàkiri ayé, nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀.

Nítorí náà, kí á tó béèrè pé èwo ló sàn, kí á kọ́kọ́ béèrè pé ara ta ni. Ẹni tó ti ní ọgbẹ́ inú rí, ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín ń dà láàmú, ẹni tó ní ikọ́ fée tí aspirin ń rú sókè, ẹni tó ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, àti aboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá ogún ọ̀sẹ̀, kò gbọdọ̀ ti ara rẹ̀ ra ọ̀kankan nínú ìdílé yìí. Èyí tó sì kan àwa gan-an jù ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn oògùn yìí ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tó ń lo lisinopril pẹ̀lú oògùn tó ń mú ni tọ̀, irú bíi Moduretic, tó wá fi ibuprofen tàbí diclofenac lé e, oògùn mẹ́ta ló fi ń ti kíndìnrín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ìrora tí yóò fi kìlọ̀ fún un. Ẹsẹ̀ á kàn máa wú, ìtọ̀ á máa dín kù. Bákan náà, ẹni tí dókítà fún ní aspirin kékeré nítorí ọkàn, tó ń lo ibuprofen mọ́ ọn lójoojúmọ́, ibuprofen lè má jẹ́ kí aspirin náà ṣiṣẹ́ tí a fi rán an.

Bí dókítà bá gbà pé kí á lò wọ́n, ọ̀kan ṣoṣo ni, ìwọ̀n tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́, ọjọ́ tó kéré jù. Ẹni tó ti lé ní ọdún 65, tàbí tí inú rẹ̀ kò lágbára, kí ó béèrè omeprazole láti fi ṣọ́ ikùn. Ibuprofen tí a rà fúnra wa kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 1,200 lọ lójúmọ́, ìyẹn hóró mẹ́ta tí ó jẹ́ 400, tàbí mẹ́fà tí ó jẹ́ 200. Paracetamol tí ó jẹ́ 500 kò gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, nítorí ẹ̀dọ̀. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí a bì ohun tó dà bí gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, ibà kọ́ o.

Dexamethasone àti prednisolone kì í ṣe ara ìdílé yìí rárá. Wọ́n lágbára gidigidi, wọ́n sì ń gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ dókítà. Lọ́wọ́ ẹni tó ń di oògùn sínú ọ̀rá, wọ́n ń mú kí ojú rí roboto, kí ṣúgà gòkè, kí eegun fúyẹ́ títí yóò fi ṣẹ́ lórí ìṣubú kékeré. Ẹni tó ti lò ó pẹ́, tó wá gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì! Ara ti gbàgbé bí a ti ń pèsè tirẹ̀. Ènìyàn lè dákú. Kí ó gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

ORÓGBÓ, EWÉ ÀTI ÀGBO

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń mi orí pé ìdí nìyí tí àwọn fi fara mọ́ àgbo. Àwa kò kórìíra ewé. John Wesley fúnra rẹ̀ kọ ìwé oògùn ilé fún àwọn tálákà ní 1747, tí ó pè ní Primitive Physic. Àwọn tí ó ti dán wò fúnra rẹ̀ nínú wọn, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn pé òun ti dán an wò. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á bi aláàgbo náà nìyẹn: ta ló dán an wò, ìwọ̀n wo ni, fún ọjọ́ mélòó, kí sì ni a fi wé?

Ẹnì kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú orógbó, kò sì jìnnà sí wa. Ní 2008, àwọn oníṣègùn eegun ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí orúnkún ń dùn. Ènìyàn 143 ni wọ́n gbà, 84 ló sì bá a dé òpin, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan lo naproxen, àwọn kan lo celecoxib, àwọn kan lo orógbó tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n sì wọ̀n, àwọn yòókù lo ohun tó jọ oògùn tí kò ní nǹkankan nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tí wọ́n fún òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi tọ́jú wọn bẹ́ẹ̀. Orógbó mú ìrora dín kù ju oògùn òfìfo yẹn lọ, ó sì sún mọ́ àwọn oògùn òyìnbó méjèèjì náà.

Inú wa dùn nígbà tí a gbọ́ èyí, a kò ní purọ́. Orógbó tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kà á bí ó ti yẹ. Ènìyàn 84 kéré sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí a ti fi dán diclofenac wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ìwọ̀n tí wọ́n fúnni, wọ́n wọ̀n ọ́n. Orógbó tí a rà lọ́jà Ìkìrun, kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀, torí èyí tó tóbi wà, èyí tó kéré wà, èyí tó ti gbẹ náà wà. Àwọn oníṣègùn náà fúnra wọn ní kí á ṣe ìwádìí sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ń jẹ orógbó, kí ó máa jẹ ẹ́ níwọ̀nba, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀, kí ó má sì tìtorí rẹ̀ da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù.

Ata ilẹ̀ àti ata ilẹ̀ pupa náà, àwọn ìwádìí kéékèèké ti fi hàn pé ata ilẹ̀ pupa lè dín ìrora orúnkún kù díẹ̀. Nínú ọbẹ̀ tàbí nínú tíì, kò sí wàhálà. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn ni kí ó ṣọ́ra pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù ni àgbo àti kápúsù tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pàápàá èyí tó bá ṣiṣẹ́ kíákíá jù. Ewé kì í sáré tó bẹ́ẹ̀. Ní 2022, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa ohun kan tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ àfikún fún oríkèé, Artri King ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, diclofenac àti dexamethasone ló wà nínú rẹ̀, láìkọ ọ́ sí ara ìgò. Ẹ wò ó, oògùn méjì tó wà nínú ọ̀rá arábìnrin wa gan-an, tó ti gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí àwọn ayẹ̀wò pọ̀ sí, kí ni kí á sọ nípa ìgò tí kò ní ìwé kankan lára? Kí á máa wo nọ́ńbà NAFDAC, bí kò bá sì sí, kí á dá a padà.

Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà a máa fi glucosamine ránṣẹ́, nínú ìgò ńlá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò lára ènìyàn 1,583 ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde sì jáde ní 2006, kò ṣe ju oògùn òfìfo lọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ọmọ bá tún béèrè ohun tí yóò rà, ẹ ní kí ó ra bàtà tó rọ̀, tó ní ìsàlẹ̀ tó nípọn, wá.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á FI BẸ̀RẸ̀

Ìpara diclofenac ni a rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá kọ́kọ́ dán wò, bí ó bá jẹ́ orúnkún tàbí ìka ọwọ́ ni. Díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ewu ikùn àti ti kíndìnrín kéré sí ti oníhóró. Ìlànà tí ìgbìmọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NICE, gbé jáde ní 2022 fi ìpara yìí ṣáájú oògùn mímu fún orúnkún, ó sì ní kí á má máa fi paracetamol ṣe oògùn ojoojúmọ́ fún un. Kò gbọdọ̀ kan ojú egbò, kí á má sì fi omi gbígbóná jó orí rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fi pa á. Róòbù àti òrí dára fún fífi ọwọ́ ra. Ooru wọn ń mú ara tuni fún ìgbà díẹ̀, wọn kì í sì í pa ẹnikẹ́ni nínú lára bí a kò bá gbé wọn mì.

Ìdárayá ni ìlànà kan náà yìí fi ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ìtọ́jú. A mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ta ló tún fẹ́ ṣe ìdárayá lẹ́yìn oko àti ọjà? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oko ń lo orúnkún ni, kì í fún iṣan iwájú itan lágbára bí ó ti yẹ, iṣan yẹn ló sì ń gbé orúnkún dúró. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ síwájú, ẹ ka ení, èjì, títí dé àrún, kí ẹ sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Á dùn díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni kí ẹ fún un kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ti ara sísan náà kò ṣe é fi pamọ́. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n ní 2005: kílò kan tí a bá fọ̀n kúrò nínú ara wa, kílò mẹ́rin ni ó ń fò kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìṣísẹ̀. Kí òkèlè iyán alẹ́ dín kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i. Ọ̀pá ìtilẹ̀, ọwọ́ tó kọjú sí ẹsẹ̀ tó ń dùn kọ́ ni à ń fi mú un. Ọwọ́ kejì ni. Bí orúnkún ọ̀tún bá ń dùn, ọwọ́ òsì ni kí ọ̀pá wà. Kí á sì gbé ààrò àti àpótí ìjókòó ga sókè. Ìnáwó rẹ̀ kò tó ti oògùn oṣù kan. Ẹni tí gbogbo èyí kò bá ràn lọ́wọ́, tí kò lè sùn lóru mọ́, ọ̀nà iṣẹ́ abẹ wà, níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ orúnkún. Owó rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó dára kí á mọ̀ pé ó wà.

Arábìnrin wa ti padà sí ìpàdé. Ìpara ni ó ń lò nísinsìnyí, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì ga bíi tẹ́lẹ̀. Orúnkún ṣì ń dùn ún, pàápàá bí òjò bá ṣú. Kò jó bíi ti ọjọ́ Ìkórè yẹn mọ́. Nígbà àdúrà, orí àga ni ó máa ń wà, àwa mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ti ń bá a jókòó kí ó má baà dá nìkan wà.

Fún ìpàdé tí ń bọ̀, kí oníkálukú kó gbogbo oògùn tó ń lò wá nínú ọ̀rá: èyí tí dókítà kọ, èyí tí a rà lọ́jà, àgbo inú ìgò, àti èyí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí tí a kò fi han ọmọ. Àwọn nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ wa yóò jókòó, wọn yóò ka orúkọ ara wọn fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá rí ọmọ ìyá méjì nínú ọ̀rá kan, a ó mú ọ̀kan kúrò níbẹ̀. Èyí tí kò bá ní orúkọ kankan, kí ẹni tó ni ín gbé e lọ bá dókítà ní ilé-ìwòsàn, ní Òkukù tàbí ní Òṣogbo. Ẹnikẹ́ni kò ní bá ẹnikẹ́ni wí lọ́jọ́ náà.